Ibojì Kan ní Malabo

"Aunty, ẹ jẹ́ ká kúrò ní itẹ́ òkú, kí n fi èbúté erékùṣù wa hàn yín," ni amọ̀nà kan wí láti Malabo, lórí ìpè fídíò.

"Fàájì kọ́ ni mo gbà ọ́ fún. Ibojì bàbá mi dà?"

Nọ́ọ̀sì tó ń bá a sọ̀rọ̀ náà jókòó ti ìyá rẹ̀ ní Suwanee, lókè òkun. Ìyá ló sọ fún un láti kékeré pé Malabo ni bàbá rẹ̀ kú sí.

"Orúkọ bàbá yín, Bámgbóyè, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbí, ibojì ọmọ ọwọ́ sì ni. Bàbá ọmọ náà ti darúgbó, síbẹ̀ wọ́n ń gbé òdòdó wá ní gbogbo Sátidé."

"Kí lorúkọ ọmọ náà?"

"Olúwafẹ́misí."

Orúkọ yẹn gan-an ló wà lára káàdì iṣẹ́ tó wà láyà nọ́ọ̀sì náà.

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́, ó pa fóònù.