Akọni Méjì ní Jarwal

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí wọ́n gun Arafa nígbà tí ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Jarwal, nílùú Mẹ́kà.

Èèyàn mẹ́ta ló ń gbé yàrá òkè ilé náà. Jùbrílù ti lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀, mọ́tò ló ń fọ̀ fún àwọn onílé. Hàrúnà wá hájì lọ́dún tó kọjá, kò padà sílé. Ìyá rẹ̀ kú láì dé Mẹ́kà, ó sì ti búra pé òun máa ṣe hájì ọdún yìí fún un kí òun tó lọ. Àlàájà Wàsílátù ló ń se oúnjẹ fún wọn. Kò sẹ́ni tó ní ìkámà, ìwé ìgbélùú, nínú wọn. Ẹni tí wọ́n bá sì mú láìní in, wọ́n á tì í mọ́lé ní Jẹ́dà fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá wọn lásìkò yẹn pé òun fẹ́ lọ sílé, wọ́n á ní kó padà wá lẹ́yìn hájì.

Ọjọ́bọ̀ ni. Dókítà Abdulganiyu ti wá láti Jẹ́dà, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Lárúbáwá ní orin ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá kírun ní Mọ́sálásí Haram, kó sì wá jẹun Wàsílátù.

"Àwọn èèyàn yẹn láyà," ó wí, ó ń yọ egungun kúrò lára ẹja. "Ọ̀gá wọn á pè wọ́n sí gbọ̀ngàn, á fún wọn ní òrùka wúrà, á bu ọtí fún wọn. Kálukú á dìde, á sọ ohun tó máa ṣe lójú ogun. Bí ọ̀gá bá wá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sá. Ẹni tó bá sá, ojú tì í títí ayé."

"Gbogbo wọn wá kú?" Wàsílátù bi í.

"Gbogbo wọn, Àlàájà. A ṣì ń kọrin wọn dòní."

"Ta ló wá bọ́ ọmọ wọn?"

Jùbrílù rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n mutí yó, wọ́n sọ̀sọkúsọ," Wàsílátù ní. "Ilẹ̀ mọ́, ojú ń tì wọ́n láti sọ pé ọtí ni. Ìyẹn náà lẹ fi ń gbowó oṣù?"

"Ẹ má bú wọn, Àlàájà," Hàrúnà ní. Ó ti gbọ́wọ́ kúrò nínú àwo. "Èmi fẹ́ràn ẹ̀. Kéèyàn má fi ẹnì kejì ẹ̀ sílẹ̀."

"Ìwọ tó o sá wọ ilé ìwẹ̀ lánàá nítorí ẹni tó ń ta omi?" Jùbrílù ní.

"Jẹ́ kó máa sá," Wàsílátù ní. "Arafa ló bá wá, kò bá ogun wá."

Jùbrílù dìde, ó lóun ń lọ ra búrẹ́dì nísàlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé. Ọwọ́ òfo ló mú bọ̀, ó ní búrẹ́dì ti tán. Inú rẹ̀ dùn láti àárọ̀. Wọ́n máa so yìgì Ikhlas, ọmọ rẹ̀ àgbà, ní Ìwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó sì ti fi ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Jàlámíà méjì ló wọ̀ léra.

"Ṣé òtútù ń mú ọ nínú ooru yìí ni?" Wàsílátù bi í.

"Aṣọ mi ni, Àlàájà." Ó kọjú sí Dókítà. "Ṣé ìkámà yín wà lápò?"

"Ó wà."

"Ó dáa. Hàrúnà, bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ìdáná ni kí ìwọ àti Àlàájà gbà bọ́ sórí òrùlé ilé kejì. Ẹ má dúró dè mí."

Wọ́n kanlẹ̀kùn lẹ́yìn ìrun Alaasari. Wàsílátù ti dé òrùlé kí wọ́n tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Hàrúnà tẹ̀ lé e, ó sì bojú wẹ̀yìn. Jùbrílù dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bá ọlọ́pàá mẹ́ta sọ Lárúbáwá, kò yà fún wọn. Dókítà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkámà síwájú ojú.

Hàrúnà dúró. Wàsílátù di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀, Àlàájà."

"Òmùgọ̀," Wàsílátù ní. Ó fi apá aṣọ náà sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Hàrúnà padà, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jùbrílù. Jùbrílù wò ó bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá dúró tì yín ni, bùọ̀dá."

"Padà."

Ọlọ́pàá kan ti di ọrùn ọwọ́ Hàrúnà mú.

Kò pé ọjọ́ méjì tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní Al-Baghdadiyah, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, fi gbọ́ nípa Jùbrílù àti Hàrúnà. Dókítà ló ń sọ ọ́ kiri. Ó ní inú ìwé ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni òun ti ń wá irú wọn, àfi bí òun ṣe rí wọn ní Jarwal. Ó sọ ọ́ fún Wàsílátù náà.

"Ẹ̀yin ńkọ́," Wàsílátù ní, "níbo lẹ dúró sí?"

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà láàyè tó máa ròyìn, Àlàájà."

"Ẹ lọ ròyìn fún ọlọ́pàá, nígbà náà. Ẹ ní kí wọ́n fi Hàrúnà sílẹ̀ títí Arafa."

Wàsílátù di ìrẹsì fún Hàrúnà. Dókítà wọ kóòtù, ó gbé oúnjẹ náà lọ sí àtìmọ́lé ní Jẹ́dà. Ọkọ̀ òfuurufú máa gbéra lọ́jọ́ kejì. Ó bá ọ̀gá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ pẹ́: ìyá tó kú, ìbúra, ọkùnrin kan tó fara rẹ̀ dí ọ̀nà, èkejì tó kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn irin, Hàrúnà tí ò gbọ́ Lárúbáwá gbórí sókè. Ilẹ̀ ni Jùbrílù ń wò.

Ọ̀gá ọlọ́pàá gbọ́ ọ tán, ó fi bírò tọ́ka sí Jùbrílù, ó ní, "Èyí ló fi fóònù pè wá pé ká wá mú òun, kí òun lè dé bá yìgì ọmọ òun, ta ló wá ní kí ẹnì kejì dúró?"