Ìrísí tí Ignace Fẹ́

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀ olówùú ní Atakpamé, nígbà ọyẹ́ ọdún 1988, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń yọ̀ àfi Ignace. Ọdún méjìlélógún ló ti ń tẹ lẹ́tà níbẹ̀. Gérard, ọ̀gá wọn, sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá lè lo ẹ̀rọ náà yóò máa lọ sílé. Ọdún mẹ́ta ló kù kí Ignace fẹ̀yìn tì, Yvette ọmọ rẹ̀ sì wà nílé-ẹ̀kọ́ líséè.

Eugène, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ló gbé e wá láti Lomé, tòun ti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tí iṣẹ́ ń hàn lójú rẹ̀. Ó ní àwọn olùkọ́ yunifásítì kan ló kọ ètò inú rẹ̀, wọ́n fi tọrẹ fún gbogbo ayé, ẹni tó bá wù ú lè ṣí i kó tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi ní ìrísí méjì. Àkọ́kọ́ kún fún àwòrán kéékèèké. Èèyàn á máa fi ohun onírù kan, tí wọ́n ń pè ní eku, wá èyí tó bá fẹ́ kiri. Èkejì kò ní àwòrán rárá. Èèyàn á kàn tẹ ọ̀rọ̀ àṣẹ, ẹ̀rọ á sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́fíìsì máa lò. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa yàn án.

"Èyí tó ní àwòrán ló dáa," ni Adèle, tó ń jókòó ti Ignace, wí. "Ọmọdé gan-an lè lò ó."

"Ṣé ọmọdé ni wá ni?" ni Ignace bi í.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó ti di eku náà mú lẹ́ẹ̀kan. Ó tì í, ó tì í, títí ó fi já bọ́ lórí tábìlì.

Láti ìgbà òjò ló ti yí ìṣe rẹ̀ padà. Ó fi alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì tó ń gùn lọ síbi iṣẹ́ ta àbúrò rẹ̀ tó wà ní Glei lọ́rẹ, ó ní ẹsẹ̀ rírìn ni ìlera. Yvette ló ń bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kó tó kọjá sílé-ẹ̀kọ́. Adèle á máa ka orúkọ àwọn àgbẹ̀ sókè, òun á máa tẹ̀ wọ́n, kì í sì í ṣàṣìṣe. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe ń yá.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bó bá ti ń jẹun ìrọ̀lẹ́, Julienne ìyàwó rẹ̀ á máa ka ìwé tí Eugène pín fún wọn sí i létí. Ignace ti há gbogbo ọ̀rọ̀ àṣẹ náà sórí, mọ́kànlélógójì.

"Bàbá Yvette, ẹ lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀," ni Julienne bẹ̀ ẹ́. "Bóyá á fi yín sídìí iṣẹ́ mìíràn."

"Inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni máa ń gbé. Ka eléyìí tó kàn."

Julienne ṣí ojú ìwé mìíràn. Ó ka eléyìí tó kàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ náà ti ń kùn nígbà tí Ignace wọlé. Eugène ń ṣàlàyé nǹkan kan lọ́wọ́ fún Gérard àti àwọn yòókù. Ignace kò jẹ́ kó parí rẹ̀ tó fi fa àga, tó jókòó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi tèmi hàn yín."

Ìka rẹ̀ ń sáré. Ó tẹ àṣẹ kan, ó tẹ òmíràn.

"Àwọn àgbẹ̀ Anié nìyẹn. Ẹ wò ó, Fágbénró ló wà lókè, Fájọbí tẹ̀lé e. Ṣé ẹ rí bó ṣe tò wọ́n mọ́ tónítóní? Àwòrán wo ló lè yá tó báyìí?"

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Adèle tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀ pàápàá dákẹ́. Ignace mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, inú rẹ̀ sì dùn sí wọn. Ó gbọ́ tí ẹnì kan fa imú. Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti dé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́," ló wí. "Èwo ni ká mú?"

Eugène gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó sì rọra wí pé, "Ẹ má bínú, bàbá, n kò tíì tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀."