Orúkọ Tó Wà Nínú Ìkìlọ̀ Náà

"Ìkìlọ̀ yìí tún jáde láìlórúkọ!" Ọ̀gá Ogola, tó ń darí iléeṣẹ́ tó ń kìlọ̀ àkúnya omi fáwọn aráàlú lórí fóònù, pariwo. "Ta ló máa kà á sí? Odò Nyando á ya wọ ilé àwọn èèyàn láìpẹ́!"

Ọmọbìnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wọn ní Kisumu kò gbójú sókè. Nínú ètò tó fi èdè kọ̀ǹpútà JavaScript kọ, ìkíni àti àṣẹ ti ń di gbólóhùn kan kí orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà tó dé. Ó tú wọn ká. Ó sọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan di ohun tó dá dúró, tó ṣí àyè sílẹ̀ fún orúkọ. Ó so wọ́n pọ̀, ó wá fi orúkọ sí i kẹ́yìn.

"Ó ti lọ, sà!"

Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi pè é láti abúlé etí odò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò nílé!"

"Mo ti wà lórí òkè. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Ó ní, 'Abuya, kó ìdílé rẹ jáde.'"

Abuya ni orúkọ bàbá ọmọbìnrin náà. Ọdún mẹ́ta rèé tí bàbá rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí nọ́ńbà tí ìyá rẹ̀ ń lò.

"Láti àárọ̀ lo ti ń bẹ̀ mí, mo kọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ní kí bàbá rẹ kó mi jáde, ṣé mo wá lè ní kó fi mí sílẹ̀ ni?"