Ihò Tí Kò Tó Ẹnu Abẹ́rẹ́ Lọ́wọ́ Mẹkáníìkì

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ yín wá oúnjẹ, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí náà rò pé òun mọ̀ ọ́n.

1.
Mẹkáníìkì kan wà tí àwọn awakọ̀ ń pè ní Ọwọ́-Ríran. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké tó ń lo epo dísù ló ń tún ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ bá ń húkọ́, tó ń tú èéfín dúdú, tó sì ń mu epo bí ọ̀mùtí, gbé e lọ bá a. Á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á fọwọ́ pa páìpù kan, á fọwọ́ pa òmíràn, á ní, "Ibí ni!" Ibẹ̀ náà ni yóò sì jẹ́.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un: "Bí ẹ́ńjìnnì dísù bá ń ṣiṣẹ́, má fọwọ́ wá ibi tó ń jò láé. Páálí ni kí o nà sí i. Agbára tí epo yẹn fi ń jáde, ó lè lu awọ ara."

Ó gbọ́. Ó tilẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí òkìkí bẹ̀rẹ̀ sí í pa á bí ọtí, ó ní páálí wà fún àwọn tí kò mọṣẹ́.

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan tó ń kó pákó gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé.

"Ọ̀gá, kò lágbára mọ́. Bó bá kan òkè báyìí, ṣe ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Òórùn dísù ò sì jẹ́ kí n mí."

Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kó ṣáná sí i. Páálí wà lórí bẹ́ǹṣì nítòsí. Awakọ̀ nawọ́ sí i.

"Ọ̀gá, ẹni tó ń bá mi tún un ṣe tẹ́lẹ̀, páálí ló máa ń..."

"Kí ló dé tí o ò gbé e padà lọ bá a?"

Awakọ̀ fi páálí náà sílẹ̀. Mẹkáníìkì ki ọwọ́ ọ̀tún sáàárín àwọn páìpù. Kò pẹ́ tó fà á yọ fìrì. Ojú ihò kan bíńtín wà ní orí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀. Kò ṣẹ̀jẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí wàhálà o?"

"Bí ìgbà tí eèrà géni jẹ ni. Gbé sípánà yẹn fún mi jàre."

Ó fún páìpù tó ń jò náà le. Ẹ́ńjìnnì balẹ̀ wọ̀ọ̀. Awakọ̀ yìn ín títí, inú ọkùnrin náà sì dùn ṣìnkìn.

3.
Nígbà tó jókòó ti oúnjẹ nírọ̀lẹ́, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka náà ti tutù, ó ti funfun bíi ti òkú. Ìyàwó rẹ̀ wò ó.

"Bàbá Ìbejì, kí ló ṣe ìka yín?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn."

"Nítorí ihò tí kò tó ẹnu abẹ́rẹ́? Ìyá Ìbejì, ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà. Ó gbé e sí imú. Dísù. Ó fi kànrìnkàn họ ọ́ títí awọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Dísù! Ìgbà náà ló rí i pé ojú ihò yẹn ló ń rùn. Inú ara òun gan-an ni òórùn náà ti ń wá.

Àyà rẹ̀ já. Ó di ògiri mú. Síbẹ̀, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Mò ń bọ̀, mò ń wẹ̀ ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibí yìí ni ì bá ti sáré. Àmọ́ oògùn ìrora ló lọ rà.

4.
Lọ́jọ́ kejì, ó fi àkísà wé ọwọ́, ó lọ síbi iṣẹ́. Ó ń pa ìrora mọ́ra bí ẹni gbé iná sápò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ ti wú dé ọrùn ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò bi í léèrè mọ́, ó fa àkísà náà ya. Ìka náà ti dúdú. Obìnrin náà figbe ta, ó sì sáré bọ́ sí títì lọ dá ọkọ̀ dúró.

Ẹ wo iṣẹ́ ayé: awakọ̀ tó ń kó pákó yẹn náà ló dúró. Bí wọ́n ṣe ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ́ńjìnnì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò húkọ́, kò gbọ̀n. Ẹni tó tún un ṣe ló ń gbọ̀n.

Dókítà, obìnrin kan tí kì í pariwo, gbá ọwọ́ náà mú, ó gbóòórùn dísù lára rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni epo gún yín?"

"Ìjẹta, mà."

Dókítà tẹ apá rẹ̀ wò. "Bó bá jẹ́ ọjọ́ náà lẹ wá ni, à bá la ìka yìí, ká fọ epo náà kúrò. Ó ti pa ẹran ara báyìí, ó sì ń gòkè. Bí a ò bá gé ọwọ́ yìí, ẹ̀mí yín ló kàn."

"Dókítà, ọwọ́ ọ̀tún ni! Òun ni mo fi ń bọ́ ọmọ!"

Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ń sunkún sí i lọ́rùn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e, olówó orí mi. Ẹ̀yin ni mo fẹ́, kì í ṣe ọwọ́."

Ó dijú, ó ní kí wọ́n gé e.

5.
Ó ń mí, ọpẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ó tún gbìyànjú láti padà síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Sípánà ré bọ́ lórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin náà sì nawọ́ láti hán an. Ọwọ́ tí kò sí mọ́ ló nà. Sípánà balẹ̀ gbàgà níwájú gbogbo èèyàn, ọkùnrin náà sì jókòó tì í, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin tí ẹ ń kun ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ fọ nǹkan. Bí ohun tí ẹ̀rọ ń tì jáde pẹ̀lú agbára bá lu yín lára, bó ti wù kó kéré, bí kò tiẹ̀ dùn yín, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ mọ̀ tó ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.