Ọkọ̀ Ogun Tó Gbọ́ Yorùbá

Láràárọ̀ ni Mọ́rẹ̀nikẹ́ máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri irin ọkọ̀ ogun wọn, bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Iná inú ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ilẹ̀kùn. Ara irin ló ń gbà, tí ọ̀dà yàrá kejì á fi gbiná.

Láàárọ̀ yìí, ògiri yàrá ẹ̀rọ jó o lọ́wọ́. Ó kígbe sí òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

"Látúbọ̀sún, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà ńbí, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá níṣu, ẹ gbé e wá ká sun ún." Ó wúkọ́. "Èéfín ti pọ̀. Mò ń wá ilẹ̀kùn bọ̀."

Ọ̀gá Adégòroyè sáré dé. Ọkọ̀ ni wọ́n ń pàṣẹ fún láyé ìsinsìnyí, ọkọ̀ a sì ṣe é. Ó kígbe pé, "Pa iná!"

"Mo ti pa á, ọ̀gá," ni ọkọ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn. Gbogbo gílóòbù kú lẹ́ẹ̀kan náà. Iná yàrá ẹ̀rọ ń jó lọ ní tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí ilẹ̀kùn mọ́ o." Àwàdà ti tán lẹ́nu Látúbọ̀sún.

Ọ̀gá fẹ́ tún pàṣẹ, Mọ́rẹ̀nikẹ́ sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ọ̀gá, ẹ má ní kó tan iná. Ọkọ̀ yìí kan náà ló ń tan iná sí ìdí àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lókè."

Ọkọ̀ ṣàánú wọn.

"Ṣé kí n tan iná?"

"Jọ̀ọ́, tàn án," ni Látúbọ̀sún dáhùn láti inú èéfín.