Ata Ilẹ̀ Pupa Inú Ìgò

"Òjé? Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi?" Ọkùnrin tó ń fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ kun ata ilẹ̀ pupa kó lè dán lójú oníbàárà dìde fùú. "Nọ́ọ̀sì, ẹ tún un yẹ̀ wò."

"A ti tún un yẹ̀ wò. Òjé ti bá ọpọlọ Shaon jà, òun ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ìyẹ̀fun yín yẹn, òjé ló wà nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀!" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Èyí tí mo bá kùn, ọjà ló ń lọ. Mo máa ń wẹ̀ kí n tó wọlé. Látìgbà tí ìyàwó mi ti lóyún ọmọ yìí, èyí tí n kò kùn ni mò ń mú wálé. Ìyá Shaon, gbé ìgò wa wá!"

Obìnrin náà gbé e wá. Ata ilẹ̀ inú rẹ̀ ń dán yanran. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bàbá Shaon, ẹ má bínú. Èyí tí ẹ̀ ń mú wá máa ń ṣá bí ojú aláìsàn. N kò fẹ́ kí ìyá yín máa fi ọbẹ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Moyna ilé kejì ni mò ń kó o fún, òun náà á sì bu tiẹ̀ tó rà lọ́jà fún mi."

Moyna, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Shaon, yọjú lẹ́yìn ọgbà.

"Shaon! Shaon! Máa bọ̀, jẹ́ ká lọ ṣeré!"

Shaon jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.