Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbá Oko Ìyá Dúrójayé Mọ́

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Láògún. Abúlé Ìdí-Emi ló ń gbé, níbi tí gbogbo oko ti dà gẹ̀rẹ́ láti orí òkè wá sétí odò. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àáró, àwọn tó máa ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko yípo. Ó lágbára, ó láàánú, kò mọ ìmẹ́lẹ́. Àmọ́ ó ní ìwà kan: tójú ẹ̀ bá ti rí nǹkan, kò tún sí ohun tẹ́nikẹ́ni lè sọ fún un nípa ẹ̀ mọ́. Lójú tiẹ̀, oko tó mọ́ nìkan ló ń jẹ́ oko. Ewé gbígbẹ kan ò gbọdọ̀ sùn mọ́jú lóko ẹ̀. Kódà, ọwọ̀ ló fi ń gbá ọ̀nà tó wọ ibẹ̀.

Oko tó wá ń ta á lójú jù ni ti Ìyá Dúrójayé. Opó ni ìyá yìí, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, oko ẹ̀ sì wà níbi tí òkè ti ga jù. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú, ilẹ̀ yẹn ti ṣá, pupa lásán, òkúta lásán. Ọdún mẹ́jọ ló fi tún un ṣe, lọ́nà tẹ́nikẹ́ni ò ṣe rí ní Ìdí-Emi. Kì í kọ ebè. Kì í dáná sun koríko. Tó bá ti kórè àgbàdo, á gé pòròpórò ẹ̀, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní, á jẹ́ kó rà síbẹ̀. Tí òjò bá dé, á fi ṣóńṣó àdá lu ihò kékeré láàárín pòròpórò yẹn, á ju hóró àgbàdo sí i, á fẹsẹ̀ bò ó. Ó parí. Ilẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú díẹ̀díẹ̀. Ekòló padà wá. Lọ́dún tí ọ̀dá dá, tí àgbàdo gbogbo èèyàn gbẹ, tiẹ̀ nìkan ló yọmọ. Àwọn èèyàn ní Ọlọ́run opó ni. Láògún ò yéé pe oko náà ní àkìtàn.

Lọ́dún kẹjọ yẹn, Ìyá Dúrójayé ṣubú, egungun ìtan ẹ̀ kán. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn nílùú, Dúrójayé ọmọ ẹ̀ obìnrin sì lọ tì í. Àánú ẹ̀ ṣe gbogbo abúlé. Láògún pe ẹgbẹ́ jọ, ó ní káwọn lọ bá a tún oko ṣe kí òjò tó dé. Wúràọlá ìyàwó ẹ̀ ní ṣé kò ní dáa káwọn kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, káwọn gbọ́ tẹnu ẹ̀.

Láògún rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà. Ta ló ń bi ẹni tó ń rì sómi bóyá kóun na ọwọ́ sí i?"

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọkùnrin mẹ́tàlá ló gòkè lọ́jọ́ kejì. Wọ́n kó pòròpórò jọ, wọ́n sun ún. Wọ́n fi ọkọ́ tú ilẹ̀ dúdú yẹn, wọ́n kọ ebè láti òkè wá sódò, ó gún bí okùn, torí Láògún fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọjá lójú títì rí i bó ṣe gún. Wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ pé tí ìyá náà bá dé, ó máa rò pé oko ọba ni. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ má gbàgbé ìyẹn o.

Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Dúrójayé. Kò pẹ́ tó fi pè. Ó ní màmá òun ti rí i, ẹkún ni wọ́n ń sun, wọn ò tíì dákẹ́. Inú gbogbo ẹgbẹ́ dùn. Wọ́n ní ẹkún ayọ̀ ni.

"Bàbá," ni Dúrójayé wí, "Màmi ní kí n bi yín, ṣé ẹ ti sun pòròpórò yẹn?"

"A ti sun ún tán, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan," Láògún dáhùn. "Sọ fún wọn kí wọ́n fọkàn balẹ̀."

Dúrójayé gé ìpè náà. Láògún wo fóònù, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Ọjọ́ kẹrin ni òjò dé, ó rọ̀ láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Tẹ́lẹ̀, pòròpórò ló máa ń gba òjò sára, ilẹ̀ á wá máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìhòòhò nilẹ̀ wà. Omi wọ àárín ebè, ó rí ọ̀nà tó gún tààrà dé odò, Láògún fúnra ẹ̀ ló là á fún un. Ó gbé ọkọ́, ó sáré gòkè, ó fẹ́ dí omi lọ́nà. Bó ṣe ń dí ojú kan ni mẹ́ta ń ya. Nígbà tí òjò dá, ilẹ̀ pupa àti òkúta ló kù. Odò dúdú fún ọjọ́ mẹ́ta.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Ìyá Dúrójayé dé, tòun ti ọ̀pá. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n bu erùpẹ̀ fún òun, ó fìka wá ekòló nínú ẹ̀, kò rí. Láògún dọ̀bálẹ̀, ó ní òun máa kó pòròpórò oko òun wá, gbogbo ẹgbẹ́ á kó tiwọn wá, àwọn á tẹ́ ẹ padà.

Ìyá náà gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ nù. "Láògún, dìde. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Ọdún mẹ́jọ ló gbà mí, nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì pé méjì. Níbo ni kí n ti rí mẹ́jọ mìíràn?"

Lọ́sẹ̀ yẹn ló bá ọmọ ẹ̀ lọ sílùú, sí yàrá kan lẹ́bàá títì, níbi tí kò ti rí ilẹ̀ gbin ewúro pàápàá. Kò padà wá mọ́. Láògún kó pòròpórò gòkè lóòótọ́, ó ń tẹ́ ẹ lọ́dọọdún, àmọ́ èékan nìkan ló ń hù níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa fi nǹkan bo ilẹ̀ yín, ẹ má sì bọ́ aṣọ lára ilẹ̀ onílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í, torí oore tí kò bèèrè lè ba nǹkan jẹ́ ju ìkà lọ, ẹ ò sì ní lè bínú sẹ́ni tó ṣe é. Àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Láògún ni ò bèèrè, Ìyá Dúrójayé ló sọ ilé nù.